Wákàtí Mẹ́fà Nínú Kọ̀ǹpútà Kejì

Ìyá mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo kọ́kọ́ wo ojú agbẹ̀bí dáadáa kí n tó ké. Bóyá òótọ́ ni, bóyá àsọdùn ni, n kò mọ̀, nítorí pé èmi gan-an kì í tètè gba ọ̀rọ̀ gbọ́, ìbáà jẹ́ láti ẹnu ìyá mi. Ìwà yìí ni mo gbé wọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ṣómólú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti bú mi nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọlọ́mọ di olè lójú mi, òun ni ó wúlò.

Ẹni tí ó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni, òórùn tàdáwà sì wà nínú afẹ́fẹ́ títí dé ojú ọ̀nà Ìkòròdú. Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Múfú, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, kò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kankan. Iṣẹ́ tí ó ṣáájú títẹ̀ ni tiwa. A ó ya pósítà tàbí káàdì ìgbéyàwó sórí kọ̀ǹpútà, a ó to ọ̀rọ̀ rẹ̀, a ó pín àwọ̀ rẹ̀ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a ó wá gbé e sínú dísíkẹ́ẹ̀tì lọ fún àwọn tí ń ṣe pléètì. Pléètì ni irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bí àwa bá ṣe àṣìṣe, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ni yóò gbé àṣìṣe náà kiri ìgboro.

Ọ̀gá Múfú jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ó sì ti wà nídìí iṣẹ́ náà láti ìgbà tí wọ́n ń fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú iṣẹ́ ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó lè bá a díje. Kọ̀ǹpútà ni kò gbọ́ tirẹ̀. Ó máa ń di máòsì mú bí ẹni tí ó mú eku tí kò tíì kú. Nígbà kan, ó ní òun fúnra òun ni yóò ṣe ìwé ìsìnkú bàbá kan ní Ọbaníkòró, nítorí pé ọ̀rẹ́ òun ni àkọ́bí olóògbé. Láti àárọ̀ ni ó ti jókòó tì í, ọ̀sán pọ́n, ọ̀sán yẹ̀, kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ìwé jáde, àwòrán àkọ́bí ni ó wà lókè ọ̀rọ̀ tí ó ní "Ó Dìgbóṣe". Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù láti wá fi hàn pé òun ṣì wà láàyè.

Kọ̀ǹpútà méjì ni a ní. Ràṣídì ni ó ń lo ti àkọ́kọ́. Ọmọ Abẹ́òkúta ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàrígà ni wọ́n bí i sí, Bàrígà náà ni ó ń gbé. Ọwọ́ rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà yóò fi jókòó láti mu omi, kí ó tó mu ún tán, pósítà ti délẹ̀. Ó ti fi ọ̀rọ̀ àṣírí kan ti kọ̀ǹpútà náà pa, òun nìkan ni ó lè ṣí i, Ọ̀gá sì máa ń fi ìyẹn bú u. Kọ̀ǹpútà kejì ni tèmi. Òun kò ní kọ́kọ́rọ́, ẹnikẹ́ni lè jókòó tì í.

Àrùn kan ń ṣe kọ̀ǹpútà kejì yìí. Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà, bátìrì kékeré kan wà tí kò tóbi ju owó ẹyọ lọ. Òun ni ó ń rántí ọjọ́ àti aago nígbà tí iná bá lọ. Ti kọ̀ǹpútà kejì ti kú tipẹ́. Nítorí náà, bí iná bá lọ tí ó sì padà dé, yóò gbàgbé gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Yóò ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1980 ni òní, agogo méjìlá òru. Yóò kọ ọ́ sójú pé ohun kan bàjẹ́ nínú òun, pé kí a tẹ F1 bí a bá fẹ́ máa bá iṣẹ́ lọ. F1 ni mo sì ń tẹ̀ láràárọ̀, bí ẹni ń kí àgbàlagbà tí ó ń ṣarán. Mo bẹ Ọ̀gá títí pé kí ó ra bátìrì.

Ó ní, "Fọlákẹ́, aago wà lára ògiri. Ta ló ń wo aago inú kọ̀ǹpútà?"

Kò sí ẹni tí ó ń wò ó lóòótọ́. Ní gbogbo òpópónà wa, èmi nìkan ni mo ṣì ń tẹ F1.

Àsìkò tí àwọn sójà fẹ́ kó ẹrù wọn jáde kí alágbádá wọlé ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ̀, gbogbo ẹni tí ó ní agbádá ti di Ọnarébù kí wọ́n tó dìbò fún un. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wa. Òfin kan sì wà láàárín wa tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: ṣọ́ọ̀bù tí ó bá gba iṣẹ́ ẹnìkan kò gbọdọ̀ gba ti ẹni tí wọ́n jọ ń du àga kan náà. Ẹni tí ó bá rú u, oúnjẹ rẹ̀ ti tán ní Ṣómólú.

Ọnarébù tiwa ń du ipò káńsẹ́lọ̀ ní Bàrígà. Ọ̀rọ̀ orí pósítà rẹ̀ ni "Ẹni Tí Ẹ Mọ̀ Ni". Ó ní òun gba ààwẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó sọ̀ kalẹ̀. Ràṣídì ni ó ya pósítà náà: àwọ̀ ewé, òbìrìkìtì aláwọ̀ ìyeyè lẹ́yìn orí rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún nà sókè. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ọnarébù wá wò ó, ó ní ó dára, Ràṣídì sì gbé e pamọ́ lójú rẹ̀, ó fi dísíkẹ́ẹ̀tì kan lé Ọ̀gá lọ́wọ́ pé kí ó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ títí àwọn tí ń ṣe pléètì yóò fi ráyè.

Kí wọ́n tó ráyè, a jí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a rí pósítà lára gbogbo ògiri láti Pedro dé Bàrígà. Àwọ̀ ewé, òbìrìkìtì ìyeyè, ọwọ́ ọ̀tún nà sókè, "Ẹni Tí Ẹ Mọ̀ Ni". Ojú ọkùnrin kejì tí wọ́n jọ ń du àga náà ni ó wà níbẹ̀.

Ọnarébù dé ṣọ́ọ̀bù wa kí n tó tẹ F1. Ọkùnrin méjì tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Ọ̀gá Múfú, ta ló ta mí?"

Ọ̀gá kò tilẹ̀ mí. Ó ní, "Ràṣídì ni. Mo rí i pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkùnrin yẹn ní Pedro."

"Ọ̀gá," Ràṣídì ní, "ọmọ àdúgbò wa ni wọ́n. A jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n."

"Ṣé èmi ni mo wá ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú wọn ni?"

Ọnarébù wo Ràṣídì láti òkè délẹ̀. Ó ní òun kì í ṣe aláìláàánú, òun yóò wádìí. Ṣùgbọ́n bí òun bá wádìí tán, tí ó bá jẹ́ òótọ́, àgọ́ ọlọ́pàá ni. Ọ̀gá fi tirẹ̀ lé e pé òun yóò kéde rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, pé láti Ṣómólú dé Palmgrove, kò sí ẹni tí yóò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́.

Ojú Ràṣídì pọ́n. Mo mọ ohun tí ó ń rò. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ rí àwọn àna rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Bàbá ọmọbìnrin tí ó fẹ́ gbé níyàwó ti ní àwọn kò bèèrè ju orúkọ rere lọ, nítorí pé àwọn mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń ṣe. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ọ̀rọ̀ ti délé gbogbo. Ọkùnrin tí ń ṣe pléètì ní òdìkejì, tí òun àti Ràṣídì ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, gbé àga rẹ̀ wọlé nígbà tí ó rí Ràṣídì tí ó ń bọ̀.

N kò níí purọ́, èmi náà fura sí Ràṣídì. Mo rántí pé ó wọ bàtà tuntun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà náà bí ẹni pé yóò jẹ́wọ́. Mo fura sí ọkùnrin pléètì pẹ̀lú, nítorí pé kí ló dé tí ó fi tètè gbé àga wọlé? Ṣùgbọ́n ohun kan ń dà mí láàmú ju bàtà lọ. Ọ̀gá Múfú tí mo mọ̀ máa ń ro ọ̀rọ̀ pẹ́. Bí ènìyàn bá bi í pé ṣé ó ti jẹun, yóò kọ́kọ́ wo òkè àjà. Báwo ni orúkọ Ràṣídì ṣe ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n tó bi í léèrè tán?

Lọ́jọ́ kejì, Ọnarébù padà wá. Ó mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan dání, ọmọkùnrin tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Palmgrove. Ẹ̀njiníà ni gbogbo wọn ń pè é. Ọnarébù ti rán àwọn ọkùnrin rẹ̀ méjèèjì lọ bá ilé tí wọ́n ti ṣe pléètì ti ọ̀tá rẹ̀, wọ́n sì ti gba dísíkẹ́ẹ̀tì náà bọ̀. N kò bèèrè bí wọ́n ṣe gbà á. Ẹ̀njiníà gbé e sórí tábìlì wa.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ káàárọ̀ sà. Fáìlì tí wọ́n fi ṣe pósítà yẹn ló wà nínú ẹ̀. Gbogbo ìgbà téèyàn bá tọ́jú fáìlì, kọ̀ǹpútà máa ń kọ ìgbà tó tọ́jú ẹ̀ sínú rẹ̀. Nọ́mbà ló fi ń kọ ọ́."

"Nọ́mbà wo?" mo bi í.

Ó ní Ràṣídì kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀, kí n bá òun ṣí kọ̀ǹpútà kejì. Ó fi dísíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ kan sí i. Gbogbo àwòrán ojú kọ̀ǹpútà pòórá, ó ku ojú dúdú pẹ̀lú lẹ́tà funfun. Irú ojú bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nìkan ni ó ń bá a sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tí ènìyàn lè fi máòsì tẹ̀ níbẹ̀. Ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ tí yóò kọ, kí ó kọ ọ́ ní ìlà kan, kí ó tẹ Enter, kí ó sì dúró de èsì.

Ọ̀gá bi í pé kí ni ó fẹ́ fi ṣe.

Ẹ̀njiníà ní, "Kọ̀ǹpútà ò mọ oṣù, sà, kò mọ ọ̀sẹ̀. Ó kàn ń ka ìṣẹ́jú-àáyá ni, láti ọjọ́ kan tí wọ́n yàn fún un. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọjọ́ tí wọ́n yàn yàtọ̀ síra. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ láti 1970, àwọn kan láti 1980, àwọn kan tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ká tó bí bàbá wa àgbà. Ètò kékeré yìí mọ gbogbo wọn. Mo máa kọ nọ́mbà, mo máa sọ irú kíkà tí mo fẹ́ fún un, á wá sọ ọ́ di ọjọ́ fún wa."

Ìyẹn yé mi. Ó dà bí àdúgbò tiwa tí Mùsùlùmí ń ka ọdún tirẹ̀, tí onígbàgbọ́ ń ka tirẹ̀, tí gbogbo wa sì jọ ń ra epo lọ́wọ́ ẹnìkan náà. Ṣùgbọ́n pé ọ̀rọ̀ yé mi kò ní kí n gbà á gbọ́. Ta ni ó mọ Ẹ̀njiníà? Ta ni ó mọ̀ bóyá wọ́n ti kọ orúkọ Ràṣídì sínú ètò náà láti ilé?

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ka èyí tá a mọ̀. Pósítà Ọnarébù, ojú ẹ̀yin fúnra yín la ṣe tọ́jú ẹ̀ ní Sátidé. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó máa sọ."

Ẹ̀njiníà rẹ́rìn-ín. Ó ní mọ̀mí gbọ́n. Ọ̀gá mú dísíkẹ́ẹ̀tì Ràṣídì jáde láti inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, Ẹ̀njiníà sì yọ nọ́mbà inú fáìlì náà. Nọ́mbà gígùn kan ni, ẹ̀sán ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ sí ojú dúdú náà, ó tẹ Enter. Ìlà kan jáde: ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, ní ọ̀sán. Ọnarébù mi orí. Òun náà rántí pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni òun wá.

Ó wá kan ti ọ̀tá. Ẹ̀njiníà yọ nọ́mbà rẹ̀. Mo na ọrùn. Ẹ̀ta ni nọ́mbà yìí fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́, ó tẹ Enter.

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ọdún 1980. Agogo mẹ́fà kọjá díẹ̀, ní àárọ̀.

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ò rí i? 1980! Ràṣídì ò tíì wọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọnarébù, irọ́ ni nǹkan yìí ń pa. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ yìí lọ sí àgọ́, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń bi wọ́n níbẹ̀."

Ẹ̀njiníà gbìyànjú irú kíkà mìíràn. Èyí tí ó jáde burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọdún tí Èkó fúnra rẹ̀ kò tíì gbọ́ nípa iná mọ̀nàmọ́ná. Ó padà sí 1980, ó ń họ orí.

Èmi mọ ẹni tí ó máa ń sọ pé ọdún 1980 ni òní. Àràárọ̀ ni mo ń tẹ F1 sí i lẹ́nu.

Mo lè dákẹ́. Bí mo bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ètò náà á di ẹ̀rín, wọ́n á mú Ràṣídì lọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀, orí ara mi ni yóò wá, nítorí pé kọ̀ǹpútà tèmi ni. Mo wo Ràṣídì. Ó jókòó sórí páálí ìwé kan ní igun, ó ń wo bàtà rẹ̀ tí èmi náà ti ń wò láti àná. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ojú sì tì mí.

Mo ní, "Kì í parọ́. Kọ̀ǹpútà kejì yìí ni wọ́n fi ṣe é. Bátìrì rẹ̀ ti kú. Gbogbo ìgbà tíná bá ti lọ, 1980 ló máa ń padà sí."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Kí ni ẹ rò pé Ọ̀gá sọ?

Ó ní, "Fọlákẹ́, ó wá jẹ́ pé ìwọ ni?"

Inú bí mi, inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Kì í ṣe nítorí pé ó fura sí mi, èmi náà ń fura sí gbogbo ayé. Ohun tí ó bí mi nínú ni bí ó ṣe yára fi Ràṣídì sílẹ̀, tí ó gbé èmi wọ àga náà. Ẹni tí ó gbà lóòótọ́ pé Ràṣídì ni kò níí pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Mo wo ojú Ọ̀gá dáadáa, bí mo ṣe wo ojú agbẹ̀bí.

Mo yí sí Ẹ̀njiníà. "Nígbà tíná bá dé, agogo méjìlá òru ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó wá sọ fún wa pé agogo mẹ́fà kọjá. Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

Ojú Ẹ̀njiníà là. Ó ní, "Ó túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà yìí ti wà ní títàn fún wákàtí mẹ́fà kó tó tọ́jú fáìlì náà, mà. Iná ò lọ rárá láàárín ẹ̀."

"Wákàtí mẹ́fà," mo ní. "Ní òpópónà yìí."

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ẹnu ọ̀nà, tí kì í sọ̀rọ̀, rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá gbé ní Ṣómólú nígbà náà mọ ìdí. Iná máa ń dé bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó. Jẹnẹrétọ̀ wa ńkọ́? Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni ó ń pa á kí wákàtí méjì tó pé, kí epo má baà tán.

Mo ní, "Sátidé lẹ rí iṣẹ́ yín, Ọnarébù, Túsídeè ni tiwọn jáde. Ọ̀sán Sátidé, jẹnẹrétọ̀ la fi parí iṣẹ́. Mọ́ńdè, iná ń lọ ó ń bọ̀, mo tẹ F1 títí ìka fi ń ro mí. Ọjọ́ wo ló kù?"

Ọnarébù ni ó dáhùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rántí nǹkan fún ara rẹ̀.

"Sọ́ńdè. Mo ṣèpàdé nílé mi ní Sọ́ńdè. Mo háyà jẹnẹrétọ̀, a ò tiẹ̀ tàn án. Iná ò lọ láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn èèyàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìjọba ti mọ̀ pé mo máa wọlé."

Ní ọjọ́ Àìkú náà, ìkórè ni a ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọbaníkòró, mo sì wà lára àwọn tí ń kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ràṣídì wà ní Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé ni ó dé, ó kó ọsàn wá fún wa. Ọ̀gá ni ó jẹ ọsàn jù nínú wa, ó ń gbàdúrà fún un pé ìyàwó náà á bímọ.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ìkórè àti ọ̀rọ̀ ọsàn náà fún Ọnarébù. Ohun kan wà tí n kò sọ síta. Pósítà náà ti wà ní yíyà, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ Ọ̀gá. Iṣẹ́ tí ó kù ni kí ènìyàn yọ ojú kan kúrò, kí ó fi òmíràn síbẹ̀, kí ó pààrọ̀ orúkọ. Ràṣídì á ṣe é kí omi tó hó. Èmi náà kò níí pẹ́ jù ú lọ. Ẹnìkan ṣoṣo ni mo mọ̀ ní gbogbo Ṣómólú tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò gbà ní wákàtí mẹ́fà, ẹni tí ó ń di máòsì mú bí eku tí kò tíì kú.

Ọnarébù ń wo kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tí ó wà ní ìka Ọ̀gá. Òun nìkan ni ó ní in, kò sì fún ẹnikẹ́ni rí; láràárọ̀, ẹnu ọ̀nà ni èmi àti Ràṣídì ti máa ń dúró dè é.

Ọnarébù ní, "Ọ̀gá Múfú, ṣé ẹ máa ń ṣí ní Sọ́ńdè?"

Ọ̀gá wo òkè àjà.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ níta, Ọnarébù."

Wọ́n jáde. A kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, mo sì gbìyànjú láti gbọ́ o, mo tilẹ̀ gbé etí mi lé fèrèsé. Ohun tí mo rí ni pé Ọ̀gá yọ fìlà. Nígbà tí Ọnarébù wọlé, ó gbé ọwọ́ lé Ràṣídì léjìká. Ó ní, "Má bínú, àbúrò mi. Wàá bá mi ya òmíràn." Ọ̀gá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, ọ̀fẹ́ ni sà," láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè. Kí wọ́n tó lọ, Ọnarébù ní kí ọ̀rọ̀ náà kú sínú yàrá yẹn, nítorí pé òun kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ní Bàrígà pé ẹni tí òun fọkàn tán ni ó ta òun.

Ó kú síbẹ̀ lóòótọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ìbò dé, Ọnarébù wa kò wọlé, ọ̀tá rẹ̀ náà kò wọlé. Ọkùnrin kẹta kan tí kò tẹ pósítà rárá ni ó mú ipò náà.

Ẹ̀njiníà fún mi ní ẹ̀dà ètò náà, ó sì kọ́ mi ní bí a ṣe ń lò ó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gbé dísíkẹ́ẹ̀tì wá bá mi láti Pedro àti Palmgrove: ta ni ó kọ́kọ́ ya iṣẹ́ yìí, ta ni ó jí ti ta? Mo ṣe é títí mo fi ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, títí ojú mi kò fi gba iṣẹ́ mọ́. Gbogbo ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ mọ ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè kí n tó tẹ Enter: aago ẹ̀rọ yìí, ta ló tò ó? Nọ́mbà kì í purọ́, ohun tí wọ́n bá sọ fún un ni ó ń tún sọ.

Ọ̀gá Múfú kò fi ẹnu rẹ̀ jẹ́wọ́ fún wa rí. Ràṣídì dúró dè é ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà pé bóyá yóò sọ ọ̀rọ̀ kan, kò sọ ọ́. Ràṣídì sọ fún mi pé, "Sista Fọlá, bí mo bá lọ ní òní, wọ́n á ní mo sá ni." Mo ní kí ó dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá ti dé ṣọ́ọ̀bù ṣáájú wa, ohun tí kò ṣe rí. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà kejì láì tàn án. Ó na ọwọ́ sí Ràṣídì, ọ̀rá kékeré kan wà nínú rẹ̀. Bátìrì ni. Kò wo ojú rẹ̀.

Ó ní, "Ràṣídì, jọ̀ọ́, bá mi fi sí i. Kí o sì bá mi to aago rẹ̀. Ìwọ ni mo fẹ́ kó tò ó."

Ràṣídì gba ọ̀rá náà. Ó tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó fi bátìrì sí i, ó tàn án. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bèèrè ọjọ́, Ràṣídì gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì, ó yíjú padà.

"Ọ̀gá, kí ni òní?"

Ọ̀gá sọ ọjọ́, ó sọ oṣù, ó sọ ọdún, ó sọ aago. Mo wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, mo wo aago ọwọ́ mi. Òótọ́ ni ó sọ.

Mo ní, "Ràṣídì, tẹ̀ ẹ́."